Àátì ni wọ́n fún ọ ní Ọ̀yẹ́? Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ kan láti Ìkọ̀lé-Èkìtì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, àmọ́ ohun tó kọ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òfin ni mo yàn nínú JAMB, àmọ́ máàkì mi ò ká a, wọ́n wá fún mi ní History and International Studies l’Ọ̀yẹ́. Dádì mi ní kí n má gbà á, kí n jókòó sílé, kí n tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mọ́mì mi ní kí n kúkú lọ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l’ọ́síbítù Ìdó ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston wá ní kí n máa múra Amẹ́ríkà, pé community college lòun fi bẹ̀rẹ̀, liberal arts lòun sì kà níbẹ̀. Orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni tó ka Àátì tiẹ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe ṣá?”

Ẹni mẹ́ta ló gba ọmọ yìí nímọ̀ràn, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ní kó gbà. Kò sí èyí tó fẹ́ ibi fún un nínú wọn. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ̀rọ̀ nípa Àátì, liberal arts àti community college láì mọ ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an, iye ọdún tí wọ́n ń gbà, àti ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn dé. Ẹ jẹ́ ká tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà máa gùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin ayé ọmọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń sáré kà.

Kí tiẹ̀ ni liberal arts?

Orúkọ yìí ti pẹ́. Inú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ẹ̀kọ́ tó yẹ ọmọ tó wà lómìnira, ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Nílẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, ẹ̀kọ́ méje ni wọ́n kà mọ́ ọn: gírámà, ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, lọ́jíìkì, ìṣirò, jẹ́ómẹ́tìrì, orin, àti ìmọ̀ nípa ìràwọ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ìṣirò wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé “Àátì ni mo ń ṣe, kí ló kàn mí kan Mátììsì”, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Lóde òní, tí wọ́n bá ní ẹnì kan ń ka liberal arts ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń ka ìwé lóríṣiríṣi kó tó yan ibì kan jókòó sí: lítíréṣọ̀, ìtàn, èdè, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì díẹ̀, ìmọ̀ nípa àwùjọ. Wọn ò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ kan pàtó. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni bó o ṣe máa ka ohun tó le kó o sì lóye ẹ̀, bó o ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ tó já gaara, bó o ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ń parọ́ fún ọ, àti bó o ṣe máa bá ẹni tí kò jọ ọ́ gbé pọ̀.

Ní Nàìjíríà, a kì í sábà lo orúkọ yẹn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá University College sílẹ̀ n’Ìbàdàn lọ́dún 1948, ìlànà tiwọn ni wọ́n gbé wá. Ọmọ máa mú ẹ̀ka kan, á sì jìn wọnú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fún ọ ní History, History ni wàá máa bá yí láti ọdún kìíní títí dé ìkẹyìn.

Àmọ́ ẹnì kan wà tó mú díẹ̀ lára ọ̀nà Amẹ́ríkà wọlé. Nnamdi Azikiwe ni. Ọdún 1925 ló dé Amẹ́ríkà, Storer College ló sì ti bẹ̀rẹ̀, iléèwé kékeré kan ní West Virginia. Ó kọjá sí Howard, ó sì gboyè ní Lincoln University lọ́dún 1930. Nígbà tí yunifásítì tó ṣagbátẹrù ẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Nsukka lọ́dún 1960, Michigan State University wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ gbogbogbòò sí i, tó jẹ́ pé ọmọ tó ń ṣe Ẹnjiníà gan-an gbọ́dọ̀ ka nǹkan nípa èdè, àwùjọ àti èrò ọmọ èèyàn. Lónìí, gbogbo yunifásítì wa ló ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni o. GST tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yẹn, tẹ́ ẹ máa ń dúró de ọjọ́ ìdánwò kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé ẹ̀, ibi tí liberal arts fara pa mọ́ sí nìyẹn. Nínú ìlànà tí NUC ń lò báyìí, GST 111 ni Communication in English, GST 112 ni Nigerian Peoples and Culture, GST 212 sì ni Philosophy, Logic and Human Existence. Ọmọ Ẹnjiníà ní ọgbà Ìkọ̀lé ń ṣe wọ́n, ọmọ History ní ọgbà Ọ̀yẹ́ náà ń ṣe wọ́n.

Community college tí bọ̀dá Houston ń sọ ńkọ́?

Iléèwé ìjọba ni, ìlú kọ̀ọ̀kan tàbí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní tiẹ̀. Èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tó ṣì wà títí dòní ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọdún 1901 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀, nǹkan bí 60 yúnìtì, oyè tí wọ́n sì ń fúnni ni wọ́n ń pè ní associate degree. Oyè yìí ò tó B.A. Bíi ìdajì ọ̀nà ni. Ẹni tó bá ka liberal arts níbẹ̀, tí máàkì ẹ̀ sì dáa, á gbé yúnìtì ẹ̀ lọ sí yunifásítì, á sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ láti ọdún kẹta.

Ohun tó mú kí àwọn èèyàn wa ní Houston àti Maryland fẹ́ràn ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, owó ẹ̀ kéré sí ti yunifásítì: fún ẹni tó ń gbé àgbègbè yẹn, nǹkan bí $4,000 lọ́dún ni tí a bá pín in dọ́gba káàkiri Amẹ́ríkà. Ìkejì, èèyàn lè máa gbé ilé àǹtí ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́, kó sì máa lọ kíláàsì. Ìkẹta, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yẹ̀ rí, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ni kì í bèèrè máàkì tó ga kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé. Houston Community College àti Prince George’s Community College wà lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń jáde tí àwọn Yorùbá ibẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n lè má rántí sọ. Iye tí ọmọ onílùú ń san kọ́ ni àlejò ń san. Ẹni tó bá gba físà akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, owó gọbọi ló máa san, ìgbà mìíràn ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti onílùú. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní físà. Iṣẹ́ tí òfin sì gbà á láyè láti ṣe nígbà tí iléèwé bá ń lọ, inú ọgbà iléèwé ni, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti ní káàdì ìgbélùú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ fún wa pé “community college ni mo fi bẹ̀rẹ̀” ti ní ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn wọn kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti gbéra yàtọ̀ sí ibi tí ìwọ ti máa gbéra ni.

Ǹjẹ́ a ní irú ẹ̀ nílé?

A ò ní èyí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn tó sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a pín iṣẹ́ ẹ̀ kiri.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni NCE, ọmọ sì lè so kọ́ọ̀sì méjì pọ̀, bíi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Pólì ń ṣe díẹ̀, ọdún méjì ni ND, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀-ẹ̀rọ àti òwò ló jẹ wọ́n lógún jù. JUPEB, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, àti IJMB jẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí, tí máàkì ẹ̀ sì dáa, lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB kó sì wọ yunifásítì ní ọdún kejì. Gbígbé ìwé láti iléèwé kékeré lọ sí ńlá ni, ohun tí wọ́n ń ṣe l’Amẹ́ríkà náà nìyẹn.

NOUN náà wà, yunifásítì tí èèyàn ń jókòó sílé kà. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, ìgbà ìjọba Ọbásanjọ́ ni wọ́n tó jí i dìde. Kò nílò ìdánwò JAMB. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́mọ, tàbí tó ń bójú tó oko bàbá ẹ̀ lè ṣe é.

Fún àwa ará àríwá Èkìtì, ohun tó tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe jù lọ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní FUOYE. Ọdún 2011 ni ìjọba Goodluck Jonathan dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, wọ́n sì pín in sí ọgbà méjì: iṣẹ́ àgbẹ̀ àti Ẹnjiníà bọ́ sí Ìkọ̀lé, Àátì wà l’Ọ̀yẹ́. Kó tó dìgbà náà, ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó tó bá fẹ́ ka History ní yunifásítì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Adó, Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, kó sì gba ilé níbẹ̀. Lónìí, ó lè sùn nílé bàbá ẹ̀, kó jẹ iyán ìyá ẹ̀ láàárọ̀, kó sì wà ní kíláàsì. Àǹfààní tó tóbi jù tí community college ní nìyẹn, ọmọ yìí sì ti ní in láì gba físà.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Lára àwọn ẹ̀ka tó wà lábẹ́ Àátì l’Ọ̀yẹ́ ni English and Literary Studies, History and International Studies, Theatre and Media Arts, àti ẹ̀ka tó wà fún ìmọ̀ èdè. Ẹ jẹ́ ká mú History tí wọ́n fún ọmọ yìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni wọ́n máa ní kó há ọjọ́ ikú àwọn ọba sórí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ òpìtàn jọ iṣẹ́ lọ́yà àti iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Wọ́n á gbé ìwé méjì tó ta ko ara wọn síwájú ẹ, kó o sọ èyí tó ṣeé gbára lé àti ìdí ẹ̀. Wọ́n á ní kó o lọ jókòó ti àgbà, kó o bi í léèrè, kó o gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, kó o sì mọ ibi tí àgbà náà ti fẹ́ gbè sẹ́yìn ìdílé tiẹ̀.

Ibi téèyàn ti máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìrè-Èkìtì wà nítòsí, ìlú tí orúkọ Ògún Onírè ti wá. Àwọn ìyá ń mọ ìkòkò n’Ísàn. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dojú kọ Ìbàdàn, ṣì wà nínú oríkì ọ̀pọ̀ ilé láti Ọ̀yẹ́ dé Ọ̀tùn.

Ọ̀yẹ́ fúnra ẹ̀ tún ní ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ìta ìlú náà kọjá lójoojúmọ́ ò mọ̀. Láàárín 1947 sí 1954, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ Kevin Carroll ṣe ilé iṣẹ́ ọnà kan síbẹ̀, òun àti alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀, Sean O’Mahoney. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn jọ. Bándélé, ọmọ Areogun, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá láti Ọ̀sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti wá kọ́ṣẹ́ sí i. Fakeye di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà nínú ọgbà náà, ọnà ẹ̀ sì gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ilé iṣẹ́ kan l’Ọ̀yẹ́ ni o, nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí yunifásítì tó dé ìlú náà.

Ẹni tó ti kà á ṣáájú ńkọ́?

Àbúrò mi, ìwọ ọmọ Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ gan-an.

Lọ́jọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1929, wọ́n bí ọmọ kan ní Ìkọ̀lé. Bàbá ẹ̀ ń bá ọba ìlú ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Iléèwé St. Paul’s ní Ìkọ̀lé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ nípa Igbóbì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Èkó lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ṣe ìdánwò, ó wọlé, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ìgbà náà sì dáwó lé e kó lè lọ. Nígbà tó dé University College n’Ìbàdàn, ó di dandan kó mú ọ̀kan nínú ìtàn, Látìn àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ló mú.

Ọmọ náà ni Jacob Festus Adé Àjàyí. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London, ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà jáde lọ́dún 1965, ó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó lọ́dún 1972. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ n’Ìbàdàn ló fi hàn gbogbo ayé pé Áfíríkà ní ìtàn tiẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà jẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé yẹ̀ wò. Ọdún 2014 ló dolóògbé. Ìlú Ìkọ̀lé náwó sórí ọmọ tó lọ ka Àátì, wọn ò sì kábàámọ̀.

Ẹlòmíràn ni Káyọ̀dé Fáyẹmí láti Ìsàn-Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Ìtàn àti òṣèlú ló kà ní Yunifásítì Èkó kó tó lọ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ogun ní King’s College, London. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe gómìnà. Bó o fẹ́ràn ìṣèlú ẹ̀ tàbí o ò fẹ́ràn ẹ̀, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ló fi dé ibẹ̀.

Ìdó-Osì náà ní tiẹ̀. Adégòkè Olúbùmmọ̀, ọmọ Òrìn-Èkìtì, wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ṣé ẹ rántí pé ìṣirò wà nínú ẹ̀kọ́ méje àtijọ́ yẹn? Ara kan náà ni gbogbo ẹ̀. Àwa la là á sí méjì, tá a ní apá kan jẹ́ ti ọlọ́pọlọ, apá kejì jẹ́ ti olódo.

Níbo wá ni ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú yẹn ti wá?

Ìjọba ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti là á kalẹ̀ pé nínú ọmọ 100 tí yunifásítì bá gbà, 60 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, 40 yòókù ló kù fún Àátì àti ìyókù. Ohun tí wọ́n ń wá ni dókítà àti ẹnjiníà fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, kò sì burú. Àmọ́ ohun tí òbí gbọ́ ni pé Àátì ò wúlò. Wọ́n tún yọ History kúrò lára ẹ̀kọ́ dandan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 2018 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún wà níbẹ̀, mi ò sì ní tàn yín. Kò sí ọ́fíìsì kan l’Ádó tó kọ ọ́ sára ògiri pé “À ń wá ẹni tó ka History”. Nọ́ọ̀sì tó bá jáde mọ ibi tó máa gbé ìwé lọ. Ẹni tó ka Àátì gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ so ẹ̀kọ́ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe ìyẹn, tó kàn ń dúró de ọjọ́ tó máa gbàwé ẹ̀rí, máa sunkún gan-an lẹ́yìn NYSC.

Àwọn tó so ó mọ́ iṣẹ́ ń rí nǹkan ṣe. Ẹ wo Kọ́lá Túbọ̀sún. Ìmọ̀ èdè ló kà n’Ìbàdàn. Ètò Fulbright kan tó ń mú àwọn tó lè kọ́ni ní èdè wọn lọ sí Amẹ́ríkà ló gbé e lọ sí yunifásítì kan ní Illinois lọ́dún 2009, ó ń kọ́ àwọn òyìnbó ní Yorùbá. Ó dá YorubaName.com sílẹ̀, ó sì bá Google ṣiṣẹ́ lórí ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ọmọ Nàìjíríà. Kì í ṣe ọmọ olówó nìkan ni ètò Fulbright yẹn wà fún. BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá lọ́dún 2018, àwọn tó mọ èdè kọ ni wọ́n gbà síbẹ̀. Rédíò wà káàkiri Èkìtì báyìí. Àwọn àjọ aráàlú ń wá ẹni tó lè kọ ìwé ìbéèrè owó tí ẹnikẹ́ni á kà tí á sì yé e. Gbogbo wọn ni wọ́n ń wá ohun kan náà: ẹni tó lè kàwé, tó lè bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó ẹ̀ ńkọ́?

Ìjọba ní kò sí owó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé owó oríṣiríṣi wà láti san. Láti ọdún 2024, NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún lè tọrọ owó ìjẹun, ₦20,000 lóṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn tó o bá ti ríṣẹ́, wọ́n á sì máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ. Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wò ó bóyá History lò ń kà tàbí Ẹnjiníà kí wọ́n tó fún ọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Mọ́mì. Ọmọ tó yan Òfin nínú JAMB, ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ àti gọ́fúmẹ́ǹtì ló ti ń bá bọ̀ láti girama àgbà. Nọ́ọ̀sì ń bèèrè Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Tí kò bá ní wọn nínú WAEC ẹ̀, ó máa padà lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn ni ọmọ lára.

Ó kan Dádì. Tó bá tún JAMB ṣe tó sì rí Òfin gbà, ọdún kan nílé, ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ọdún kan ní Law School: ọdún méje. Tó bá gba History, ọdún mẹ́rin ni, ó ti ní oyè. Tí Òfin ṣì ń wù ú, ó lè fi oyè yẹn wọlé nípasẹ̀ Direct Entry, ọdún mẹ́rin, àti ọdún kan ní Law School: mẹ́sàn-án, láì ka NYSC. Ọ̀nà Dádì kúrú jù, tó bá rí i gbà. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí “tó bá” yẹn. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí máàkì ọdún tó ń bọ̀.

Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kí Dádì bi í ni pé: èló ni máàkì ẹ fi kù sí Òfin? Tó bá jẹ́ díẹ̀ báyìí, tó sì jẹ́ pé Òfin gan-an ló wà lọ́kàn ẹ, tí kì í ṣe pé orúkọ “lọ́yà” ló kàn ń dùn létí, ó ṣeé tún ṣe. Tó bá jìnnà púpọ̀, ọdún kan nílé ò ní sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Àwọn kan máa ní kó wọlé, kó sì sáré yí padà sí Òfin ní ọdún kejì. Ó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ àyè ẹ̀ kéré, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Ẹ má fi ṣe ètò. Ẹ má sì máa ṣe JAMB ní bòókẹ́lẹ́ nígbà tí orúkọ yín ti wà ní iléèwé kan. JAMB ò fẹ́ kí èèyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi méjì.

Bọ̀dá Houston ló kù. Ọ̀nà tiẹ̀ ò burú, àmọ́ kì í ṣe ti òní. Ẹni tó bá ti ní B.A. lọ́wọ́ tó sì ní máàkì tó dáa lè wá ẹ̀kọ́ máàsítà tí yunifásítì á san owó ẹ̀ fún un. Ẹni tó lọ bẹ̀rẹ̀ ní community college gẹ́gẹ́ bí àlejò, àpò ara ẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n ló máa fi san án. Bi bọ̀dá léèrè, kó sọ iye tó lè gbé kalẹ̀, kì í ṣe iye tó ń wù ú kó gbé kalẹ̀.

Tó o bá wá gbà á, àbúrò mi, ohun mẹ́rin ni mo bẹ̀ ọ́. Má fi GST ṣeré. Kọ́ èdè kan mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé dára torí àwọn ará Benin àti Togo tó yí wa ká, kó o sì mọ Yorùbá ẹ kọ pẹ̀lú àmì. Láti ọdún kejì, wá ibì kan tí wàá ti máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ díẹ̀, rédíò, ilé ìwé ìròyìn, tàbí àjọ kan. Kó o tó jáde, jẹ́ kí ohun márùn-ún tó o kọ tàbí tó o gbà sílẹ̀ wà tó o lè fi han ẹni tó bá bi ọ́ pé kí lo mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìkọ̀lé. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìlú náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti dáhùn lórí CAPS ò ní dúró dè ọ́. Fi ọ̀rọ̀ yìí han Dádì lálẹ́ òní, ẹ jọ jókòó, kí ẹ mú bírò àti ìwé. Tí ẹ bá ti ṣírò ó tán, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mú un, kì í ṣe pé ìtìjú ló mú un fún yín.